Ìrì Lójú Lẹ́ǹsì Gígùn

“Ẹyọ kan la jọ sọ,” Marlys ní. “Ẹyọ kan ṣoṣo, Verlyn. Kí wá ni gbogbo ohun tó o tò sórí tábìlì mi bí àwo oúnjẹ yìí?”

Verlyn Tollefson kò gbójú sókè. Ó ń fi aṣọ múlọ́múlọ́ nu ojú ọ̀kan nínú àwọn lẹ́ǹsì kámẹ́rà rẹ̀, ó ń nù ún pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tí kò níbi kankan í lọ láàárọ̀ náà. Lẹ́ǹsì mẹ́ta ló wà níwájú rẹ̀. Ọ̀kan lójú fífẹ̀, ó lè gba odidi adágún àti ojú ọ̀run sínú àwòrán kan. Èkejì ṣeé fà jáde, ó sì ṣeé tì padà, ó ń sún nǹkan mọ́ni, ó tún ń sún un sẹ́yìn. Ẹ̀kẹta ló kéré jù. Kò ṣeé fà, kò ṣeé tì. Bí o bá fẹ́ fi ya ènìyàn, ẹsẹ̀ ara rẹ lo máa fi rìn lọ bá onítọ̀hún.

“Mò ń wò wọ́n ni,” Verlyn ní. “Ṣé wíwò náà ti di ẹ̀ṣẹ̀ ni?”

“Bàlúù ò ní í dúró dè ọ́ kó o wò wọ́n tán.”

Oṣù kejì ọdún ń parí lọ, òtútù Duluth, ìlú wọn ní àríwá Amẹ́ríkà, kò sì fi hàn pé òun ń múra àtilọ. Yìnyín ga dé abẹ́ fèrèsé. Adágún ńlá tó wà nísàlẹ̀ òkè ti dì gbagidi, afẹ́fẹ́ sì ń ti orí rẹ̀ gun òkè bọ̀ wá bá àwọn ilé. Láàárín irú òtútù yìí ni àwọn ará ìlú náà tí iṣẹ́ kò so mọ́lẹ̀ mọ́ máa ń sá lọ sí ìhà gúúsù, tí wọ́n á lọ jókòó létí òkun bí aláǹgbá tó ń yáàrùn. Verlyn àti ìyàwó rẹ̀ ò tíì lọ rí. Ọdún yìí ni wọ́n fẹ́ lọ, Texas sì ni wọ́n ń lọ.

Ìlérí ló bí ìrìn àjò náà. Nígbà tí ewé igi bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, Marlys wọ ilé ìwòsàn, wọ́n gé jẹjẹrẹ kúrò ní ọmú rẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní oògùn tó gba irun orí rẹ̀ àti adùn ẹnu rẹ̀. Lọ́jọ́ tó gba oògùn náà kẹ́yìn, Verlyn jókòó tì í lórí àga oníke, ó di ọwọ́ rẹ̀ tí kò sí abẹ́rẹ́ nínú rẹ̀ mú. Ó ní bí dókítà bá ti lè yọ̀ǹda, àwọn méjèèjì yóò lọ síbi tí omi òkun ti lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó ní òun ò ní í gbé ẹrù kámẹ́rà dání. Lẹ́ǹsì kékeré kan, ó tán. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́. Marlys ò bèèrè.

Ẹni tó bá mọ bí ìsinmi ṣe máa ń rí nínú ilé yẹn ló máa mọ ìwọ̀n ìlérí náà. Ẹyẹ ni Verlyn máa ń yà. Nígbà tí wọ́n ṣe àjọ̀dún ìgbéyàwó wọn tó kẹ́yìn, ó ní kí àwọn lọ sí òtẹ́ẹ̀lì kan ní North Dakota. Kí wọ́n tó débẹ̀, ó yà sí ẹ̀gbẹ́ irà kan, ó ní òun fẹ́ wo nǹkan díẹ̀. Marlys jókòó sínú ọkọ̀ títí oòrùn fi wọ̀, kéèkì wọn wà nínú páálí lórí ìjókòó ẹ̀yìn, ọkọ rẹ̀ dojú bolẹ̀ nínú esùsú lọ́hùn-ún. Láti ọjọ́ náà ni Marlys ti mọ bí wọ́n ṣe ń ka báàgì ọkọ òun. Bó bá rí lẹ́ǹsì gígùn, èyí tó gùn tó apá ènìyàn, tó sì wúwo bí ọmọ ọwọ́, ó mọ̀ pé ẹyẹ kan wà níbi tí wọ́n ń lọ. Bó bá rí èyí kékeré, òun náà wà nínú ìrìn àjò nìyẹn.

Verlyn mú lẹ́ǹsì kékeré, ó dè é mọ́ kámẹ́rà, ó sì kì í sínú báàgì. Ó kó méjì tó kù lọ sínú dúrọ́ọ̀. Kò kùn, kò mí ìmí ẹ̀dùn.

Marlys dúró ń wò ó. Ó ti wọ kóòtù rẹ̀ tán, fìlà onírun ló fi bo orí tí irun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù padà lé.

“O ò jà,” ó ní.

“Ṣé kí n jà ni?”

“Gbogbo ìgbà lo máa ń jà fún èyí tó lójú fífẹ̀ yẹn. Wàá ní kò wúwo. Wàá ní a ò lè lọ sétí òkun láìgbé e.”

“Mo ti dàgbà.”

“Láti ìgbà wo?” Marlys fa àga kan, kò jókòó. “Èyí gígùn ńkọ́?”

“Ó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù lókè. Ibi tó máa ń wà náà ló wà.”

Kò sí níbẹ̀. Inú gáréèjì ló wà, nínú búùtù ọkọ̀, nínú àpótí aṣọ ńlá tí wọ́n fẹ́ gbé rìn. Súwẹ́tà méjì ni Verlyn fi wé e, ó fi aṣọ ìwẹ̀ Marlys bo orí rẹ̀. Lánàá, nígbà tí Marlys lọ dágbére fún àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ló ṣe é. Gáréèjì náà ò ní ẹ̀rọ amúlé-móoru. Òtútù tó wà níta náà ló wà nínú rẹ̀.

Rollie Maki ló fà á. Rollie àti Verlyn jọ wà nínú ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán ìlú náà nígbà kan, wọ́n sì ń jẹun nílé ara wọn. Ìgbà òtútù kan dé, Verlyn rí igi kan nínú irà tí òwìwí ńlá eléérú kan máa ń bà sí. Láàárín àwọn tó ń ya ẹyẹ, ènìyàn kì í sọ ibi tí òwìwí ń bà fún ẹnikẹ́ni, kódà kó jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀. Verlyn sọ fún Rollie. Rollie lọ ra eku funfun níbi tí wọ́n ti ń ta ẹran ọ̀sìn inú ilé, ó ń jù wọ́n sórí yìnyín kí òwìwí lè fò wálẹ̀ wá bá kámẹ́rà rẹ̀. Kò pẹ́ tí ọkọ̀ fi tò sí ojú ọ̀nà irà yẹn bí ìgbà tí wọ́n ń ṣe òkú. Òwìwí náà kọ́ àṣà àtimáa fò tẹ̀ lé ènìyàn, ọkọ̀ sì gbá a. Àwòrán Rollie gba ipò kìíní nínú ẹgbẹ́, wọ́n gbé e kọ́ sí ara ògiri báńkì. Verlyn dìde ní ìpàdé, ó ní eku ló ya fọ́tò náà, kì í ṣe Rollie. Kò padà síbẹ̀ mọ́. Títí di òní, bí àwọn méjèèjì bá pàdé nílé epo, Verlyn á máa wo ojú ẹ̀rọ epo bí ẹni tó ń ka lẹ́tà.

Ní àsìkò Kérésìmesì, ẹnì kan sọ fún un pé Rollie ti ń lọ sí etí òkun Texas nítorí àwọn ẹyẹ funfun ẹlẹ́sẹ̀ gígùn tó máa ń wá lo ìgbà òtútù níbẹ̀. Wọ́n jọ lékèélékèé, ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó ènìyàn, wọn kò sì pọ̀ láyé mọ́. Onítọ̀hún ní Rollie ò tíì rí èyí tó dára yà. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Verlyn lára. Nígbà tí Marlys ní òun fẹ́ rí òkun, òkun èyíkéyìí, Texas ló jáde lẹ́nu rẹ̀.

Ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ ṣí, Duane Bergstrom wọlé, ó ń gbọn yìnyín kúrò lára bàtà. Ẹ̀gbọ́n Marlys lọ́kùnrin ni, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹgbẹ́, òun àti Verlyn sì jọ ṣiṣẹ́ ní èbúté tí wọ́n ti ń kó òkúta irin sínú ọkọ̀ ojú omi, kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Òun ló máa fi ọkọ̀ wọn gbé wọn dé pápá bàlúù, tí yóò sì wà á padà wálé.

“Ẹ̀yin ará Texas,” Duane ní, “ẹ wà níbí síbẹ̀? Mo rò pé mo máa bá yín pẹ̀lú pátá lórí iyanrìn.”

“Kọfí wà lórí iná,” Marlys ní. “Mu ún kíá. Kó o tó mu ún, bá mi gbé àpótí ńlá yẹn wá láti inú ọkọ̀. Mo fẹ́ ki oògùn mi sínú rẹ̀.”

“Màá gbé e,” Verlyn ní. Ó ti dìde.

Duane wò ó. “Ìwọ tó jẹ́ pé bí mo bá ní ká jọ gbé àga, ẹ̀yìn á máa dùn ọ́?”

“Ẹ̀yìn ò dùn mí lónìí.”

“Jẹ́ kó gbé e,” Marlys ní. Ojú rẹ̀ ò kúrò lára ọkọ rẹ̀.

Ní gáréèjì, Verlyn ṣí búùtù, ó tú sípù àpótí. Ó yọ lẹ́ǹsì gígùn náà jáde nínú súwẹ́tà. Ara rẹ̀ tutù bí irin ojú ọ̀nà rélùwéè. Kò sí ẹni tó ní kámẹ́rà ní ìlú yẹn tí kò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe fún lẹ́ǹsì tó sun inú òtútù, kí ooru ilé má bàa mú kí ìrì sẹ̀ sí i lára. Inú ọ̀rá ni wọ́n ń kì í sí, wọ́n á di ẹnu ọ̀rá náà pinpin kí wọ́n tó gbé e wọlé, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí yóò fi lọ́ wọ́ọ́rọ́. Verlyn ti kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹgbẹ́ ní nǹkan yìí títí ó fi sú u. Ṣùgbọ́n ọ̀rá wà nínú dúrọ́ọ̀ ilé ìdáná, ìdí dúrọ́ọ̀ náà gan-an sì ni Marlys dúró sí.

Ó ki lẹ́ǹsì sábẹ́ kóòtù, ó gba ẹnu ọ̀nà iwájú wọlé, ó yọ́ gun àtẹ̀gùn, ó sì tì í mọ́ ẹ̀yìn àwọn aṣọ nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó padà sí gáréèjì, ó wọ́ àpótí wọ ilé ìdáná. Òógùn ti bo iwájú orí rẹ̀.

“O pẹ́,” Marlys ní.

“Búùtù ló le.”

Marlys ṣí àpótí, ó kó oògùn rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó gbé súwẹ́tà kan sókè, ó wò ó, ó tún un ká.

“Ta ló tú súwẹ́tà mi?”

“Èmi ni. Mo ń wá àyè tí màá ki ìbọ̀sẹ̀ mi sí.”

“Ó rí àyè, tàbí kò rí i?” Duane bèèrè, ó ń bu kọfí sínú ife. “Nítorí odidi kànga kan ló wà láàárín àpótí yẹn. Ó dà bíi pé ẹnì kan sùn síbẹ̀, tó wá jí lọ.”

Verlyn wò ó bíi pé kó dákẹ́. Duane ò tètè rí ojú náà.

Marlys pa àpótí dé. Ó fi ọwọ́ méjèèjì lé e lórí.

“Lọ gbé èyí gígùn wá,” ó ní.

“Kí lo fẹ́ fi ṣe?”

“Mi ò fẹ́ fi í ṣe nǹkan kan. Mo fẹ́ kó jókòó sórí tábìlì yìí nígbà tí a bá ń ti ilẹ̀kùn, kí n rí i pé ó dúró sílé. Kí ọkàn mi lè balẹ̀ nínú bàlúù.”

“O ò gbà mí gbọ́.”

“Lọ gbé e wá kí n gbà ọ́ gbọ́.”

Verlyn gun òkè lọ. Nígbà tó ń bọ̀, àyà rẹ̀ ti le díẹ̀. Ó gbé lẹ́ǹsì náà kalẹ̀ láàárín tábìlì, ìdérí ṣì wà lójú rẹ̀, ó ṣí ọwọ́ bí ẹni tó borí nínú ẹjọ́.

“Òun nìyí. Inú kọ́bọ́ọ̀dù ló wà. Mi ò fọwọ́ kàn án láti ọjọ́ pípẹ́.”

Marlys na ọwọ́ sí ara rẹ̀. Bó ṣe kàn án ló fa ọwọ́ padà. Ó fi ìka méjì ṣí ìdérí náà.

Ojú gíláàsì náà mọ́, ó dúdú, ó jinlẹ̀ bí omi kànga. Kẹ́tùlù kọfí ń hó lórí iná lẹ́yìn wọn, ooru rẹ̀ kún inú ilé. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń wo gíláàsì. Nǹkan funfun kan bẹ̀rẹ̀ láti etí, ó ń rìn lọ sí àárín díẹ̀díẹ̀, títí gbogbo ojú lẹ́ǹsì náà fi funfun bàlà bí ojú afọ́jú. Ìrì ti ń sẹ̀ sí ara irin rẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀kan kán sórí tábìlì.

Duane gbé ife kọfí rẹ̀ kalẹ̀. Òun náà ti gbé láàárín wọn tó láti mọ ohun tó túmọ̀ sí.

“Ó yẹ kí n lọ ha yìnyín kúrò lójú ọkọ̀,” ó ní.

“Inú gáréèjì ni ọkọ̀ wà, Duane,” Marlys ní.

“Màá wá nǹkan míì ha.” Ó mú fìlà rẹ̀, ó sì jáde.

Marlys jókòó wàyí, pẹ̀lú kóòtù lára.

“Kọ́bọ́ọ̀dù wa ti di yìnyín láti ìgbà wo?”

Verlyn mú ìdérí lẹ́ǹsì, ó ń yí i lọ́wọ́.

“Inú àpótí mi ló wà. O fi aṣọ mi wé e. O jẹ́ kó sùn nínú gáréèjì, o wá sáré gbé e gba iwájú ilé, o sì dúró síbẹ̀ yẹn, o ń ṣí ọwọ́ sí mi.”

“Mo fẹ́ gbé e lọ lásán ni. Bóyá mi ò tiẹ̀ ní í yọ ọ́ jáde.”

“Má ṣe bẹ́ẹ̀, Verlyn. Má fi mí ṣe ọmọdé. Ẹyẹ wo ló wà ní Texas?”

Ó wo ilẹ̀. Ó wo fèrèsé. Ìgbà tó sọ ọ́, ó sọ ọ́ bí ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn lọ́nà àìtọ́. “Àwọn funfun ńlá yẹn. Rollie ti ń lọ síbẹ̀. Kò tíì rí i yà dáadáa. Bí mo bá lè yà á kí Rollie tó yà á.”

“Rollie.” Marlys tún orúkọ náà pè jẹ́jẹ́. “Mo dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì yẹn, mò ń bì sínú báfù, mò ń ronú òkun. Mo ní òkun èyíkéyìí. Ìwọ lo ní Texas. Mo lérò pé o ti lọ bèèrè ibi tí ara mi lè gbà. Mo sọ fún àwọn nọ́ọ̀sì. Mo ní ọkọ mi ti wá ibi tó dáa fún mi.”

“Ibẹ̀ dáa. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo bèèrè ìyẹn náà.”

“O bèèrè ìyẹn náà.”

“Olè ni Rollie, Marlys.”

“Olè ni. Mo mọ̀. Èmi náà ò kí ìyàwó ẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n mi ò bá a ra tíkẹ́ẹ̀tì. Tíkẹ́ẹ̀tì méjì ni mo mọ̀ pé a rà.” Ó tú bọ́tìnnì òkè kóòtù rẹ̀ bí ẹni tí ooru mú. “Gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ. Mò ń lọ. Èmi ń lọ rí òkun mi, bóyá pẹ̀lú rẹ, bóyá láìsí ọ. Bó o bá fẹ́ ẹyẹ, dúró kí nǹkan yìí gbẹ, kó o wọ bàlúù míì, kó o sì wá òtẹ́ẹ̀lì tìrẹ. Mi ò bínú tó bó ṣe yẹ kí n bínú. Ó ti rẹ̀ mí ni. N ò ní í jókòó sínú ọkọ̀ dè ọ́ mọ́ láyé mi.”

Verlyn mọ ohùn yẹn. Kì í ṣe ohùn ìjà. Ohùn tó fi bá dókítà sọ̀rọ̀ ni, nígbà tó ní kí wọ́n gé e.

Ó fa àga kejì, ó jókòó sódì kejì tábìlì. Lẹ́ǹsì náà wà láàárín wọn, ó ń làágùn.

“Kí n bi ọ́ léèrè ọ̀rọ̀ kan,” Marlys ní. “Láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ àìsàn yìí, o ti ya gbogbo ẹyẹ tó bà sí ẹ̀yìnkùlé yìí. O ya ọ̀kẹ́rẹ́. O ya yìnyín tó so rọ̀ létí òrùlé. Fọ́tò mi dà? Ọmọ wa ní kó o fi fọ́tò mi ránṣẹ́ sóun, o fi èyí tó o yà kí àìsàn tó dé ránṣẹ́. Ṣé mo ti burú tó bẹ́ẹ̀ lójú ẹ ni?”

“Rárá.”

“Kí ló wá dé? Mo ní dígí nílé. Sọ ọ́ fún mi.”

“Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá.” Verlyn fi àtẹ́lẹwọ́ pa ojú rẹ̀. Ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ó ń sọ ọ́ fún tábìlì. “Ṣé o rántí fọ́tò tí mo ya Màámi létí adágún? Lẹ́ǹsì kékeré yìí ni mo fi yà á. Mo súnmọ́ ọn gan-an. Ó ń fi mí rẹ́rìn-ín, ó ní kí n gbé nǹkan yẹn kúrò lójú òun. Kò pẹ́ sígbà náà tó kú. Fọ́tò yẹn ni wọ́n gbé kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí. A wà nínú gbọ̀ngàn abẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo ènìyàn ń jẹ búrẹ́dì ẹlẹ́ran, wọ́n ń wá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń di èjìká mi mú. Wọ́n ní fọ́tò yìí mà dáa o, Verlyn. Ó mà jọ ọ́ o. Bí mo bá gbé kámẹ́rà sókè sí ẹ báyìí, ohun tí mò ń gbọ́ nìyẹn. Mo máa ń rí ibi tí wọ́n máa gbé e sí. Ẹyẹ ò ṣe mí bẹ́ẹ̀. Ẹyẹ á kàn fò lọ.”

Marlys ń fi ìka nu omi tó kán sórí tábìlì, ó nù ún títí ibẹ̀ fi gbẹ.

“Verlyn,” ó ní nígbẹ̀yìn, “bí o ò bá ya fọ́tò mi, ṣé o mọ èyí tí wọ́n máa lò?”

Ó mirí pé òun ò mọ̀.

“Ti láísẹ́ǹsì ọkọ̀ mi.”

Verlyn gbójú sókè.

“O ti rí i. Mo dà bí ẹni tó jí màlúù gbé. Èyí tí wọ́n máa gbé síwájú pósí mi nìyẹn, tí àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì á máa sọ pé áà, Marlys, kí ló ṣe ọ́.”

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Verlyn láìròtẹ́lẹ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ẹkún. Marlys ò rẹ́rìn-ín.

“Kì í ṣe àwàdà ni mò ń ṣe,” ó ní. “Dókítà ní ó lè padà, ó ní ó lè má padà. Bó bá máa padà, kò ní í bèèrè lọ́wọ́ kámẹ́rà rẹ. Mo wà níbí báyìí. Mo wà níwájú rẹ.”

Duane tẹ họ́ọ̀nù níta, ẹ̀ẹ̀kan, kò dún pẹ́, bí ẹni tó ń tọrọ àforíjì.

Verlyn dìde. Ó ṣí báàgì, ó yọ kámẹ́rà pẹ̀lú lẹ́ǹsì kékeré. Ó gbé e sójú láti ibi tó dúró sí.

“Báyìí?” Marlys ní. “Inú ń bí mi báyìí. Irun mi sì dà bíi ti adìyẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hu ìyẹ́.”

“Ìwọ lo bèèrè.”

Marlys wò ó tààrà. Ó ṣí fìlà lórí, ó jù ú sórí tábìlì, kò ṣe ojú rere sí i. Kámẹ́rà náà dún, dídún kékeré kan.

“Jẹ́ kí n rí i.”

Verlyn yí ẹ̀yìn kámẹ́rà sí i. Marlys súnmọ́ ọn, ó wo àwòrán náà fún ìgbà pípẹ́.

“Mo jọ bàbá mi,” ó ní.

“O jọ ọ́.”

“Má pa á rẹ́.”

“Mi ò ní í pa á rẹ́.”

Ó dé fìlà rẹ̀ padà, ó gbé báàgì ọwọ́ rẹ̀. Lẹ́nu ọ̀nà, ó yíjú sí lẹ́ǹsì gígùn tó wà lórí tábìlì. Ìrì ti ń ṣàn sílẹ̀ lára rẹ̀ ní ìlà wẹ́wẹ́. Bí ènìyàn bá kì í sínú àpótí bẹ́ẹ̀, omi á wọ inú rẹ̀, á bu, á sì bàjẹ́. Àwọn méjèèjì mọ̀.

“Ṣé o fẹ́ dúró tì í?” Marlys bèèrè. Ohùn rẹ̀ kò le, kò sì rọ̀. Ó ń bèèrè lóòótọ́.

Verlyn wo lẹ́ǹsì náà. Ó ronú kan Rollie tó ń fi bàtà gígùn rìn nínú irà Texas, tó ń rẹ́rìn-ín, tó ní àpò eku lọ́wọ́, bó bá jẹ́ pé irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀ ń jẹ eku. Kò dárí jì í, kò sì ní í dárí jì í. Ó pa iná abẹ́ kẹ́tùlù, ó gbé àpótí ńlá náà, ó sì jáde.

Marlys ti jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ Duane. Verlyn wọ ẹ̀yìn, ó gbé kámẹ́rà lé itan. Wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, adágún tó dì náà funfun lọ réré níwájú wọn, iná pupa sì dá wọn dúró.

“Fi han Duane,” Marlys ní.

Verlyn na kámẹ́rà síwájú. Duane tẹjú mọ́ ọn, ó sì wo àbúrò rẹ̀.

“O dà bí ẹni tó fẹ́ na ènìyàn.”

“Mo fẹ́ nà án ni.”

“Ó yẹ kó o nà án. Mo mọ̀ ọ́n ní èbúté. Wọn ò nà án tó níbẹ̀.” Duane dá kámẹ́rà padà, iná yí padà, wọ́n ń lọ.

Verlyn ń wo ẹ̀yìn ọrùn ìyàwó rẹ̀ láàárín kóòtù àti fìlà. “Bí a bá dé etí òkun,” ó ní, “ṣé wàá jẹ́ kí n ya òmíràn?”

Marlys ò yíjú.

“Sún mọ́ mi dáadáa bó o bá fẹ́ yà á,” ó ní. “Èyí tó o yà nílé yẹn, ẹ̀yìn tábìlì lo dúró sí.”